Èékánná Bàbá mi

Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ pé màá kọ ọ́, ojú ló ń tì mí. Ẹ mọ̀ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n bá ti gbọ́ pé wọ́n bá bàbá ẹnì kan nínú ẹ̀gbin, kíá ni wọ́n á ti sọ pé àwọn ọmọ ẹ̀ ló pa á tì. Àwa ò pa á tì o. À ń pè é lójoojúmọ́, à ń fowó ránṣẹ́, à ń wálé ọdún. Òun ló pa ara ẹ̀ tì, lójú wa báyìí, a ò sì rí i.

Tíṣà ni bàbá mi. Ní àdúgbò wa ní Òkè Àró ní Àkúrẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń pè é, Tíṣà, àtọmọdé àtàgbà. 1948 ni wọ́n bí i, ó wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1955 gan-an, ọdún tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Western Region, tó bá ń sọ ọ́ fún ẹ, wàá rò pé tìtorí òun nìkan ni wọ́n ṣe ṣe é. Aṣọ ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní sítáàṣì, ṣòkòtò ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní gétà. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ká tó jáde nílé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á tò sórí ìlà, àá na ọwọ́ síwájú, á máa wo èékánná wa níkọ̀ọ̀kan bó ṣe ń wo ti àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀. Tí tìẹ bá gùn, rúlà ni.

October 2019 ni Mọ́mì kú. A sin ín, a jó, a jẹ, kálukú kó ẹrù, ó gba ilé ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó béèrè pé ta ni á máa se oúnjẹ fún Bàbá. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ṣì ń bi ara mi pé báwo ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe fò wá ru. Bàbá mi ò da ìkòkò kaná rí láyé ẹ̀. Mọ́mì ló ń yọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀ sínú ìdérí ìgò láràárọ̀, òun ló ń gé e ní èékánná, òun ló ń mú aṣọ tó máa wọ̀ lé orí bẹ́ẹ̀dì. Ọkùnrin onímọ̀ọ́tótó tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, àṣé èèyàn méjì ni, ọ̀kan ti kú nínú wọn.

Aago mẹ́jọ alẹ́ ni mo máa ń pè é. Màá ní ẹ káalẹ́ sà, á ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé àlàáfíà lẹ wà?" Màá ní ṣé ẹ ti jẹun, á ní òun ti jẹun. Kí lẹ jẹ? "Oúnjẹ." Àwa méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Ohùn ẹ̀ ń dún ketekete, ó mọ gbogbo ohun tí gómìnà ń ṣe, á béèrè àwọn ọmọ mi níkọ̀ọ̀kan, á pa òwe kan lé e. Màá gbé fóònù sílẹ̀, ọkàn mi á balẹ̀. Ẹ gbà mí o, fóònù kì í rùn.

Àbúrò mi obìnrin wà ní Ondo, ibẹ̀ sí Àkúrẹ́ ò ju wákàtí kan lọ, èmi tí mo wà ní Ìkòròdú gbà pé ó ń yà wò ó. Òótọ́ ni, ó ń yà tẹ́lẹ̀, gbogbo Sátidé ló ń gbé ọbẹ̀ wá, àmọ́ nígbà tó bímọ kejì ó di oṣooṣù, ó tún wá di ìgbà ọdún. Òun náà gbà pé èmi tí mò ń pè é lálaalẹ́ mọ gbogbo nǹkan. Àbíkẹ́yìn wa lọ sí England ní 2022, òun ló ń fowó ránṣẹ́ jù, torí náà òun náà gbà pé òun ti ṣe tòun. Àwa mẹ́ta, ọmọ kan ṣoṣo ò sí nínú wa.

A wálé ọdún ní December 2022. Bàbá pàdé wa ní géètì. Ó ti to àga sábẹ́ igi máńgòrò, ó ní atẹ́gùn ìta dáa ju ti inú ilé lọ. Nínú ọyẹ́! A jókòó síta, a jẹ ìrẹsì tí mo gbé wá, òtẹ́ẹ̀lì la sì sùn torí ó ní pọ́ǹpù ti bàjẹ́, kò sómi. Ó ti rù, ìgbànú ẹ̀ ti ní ihò tuntun méjì tó fi ìṣó lù fúnra ẹ̀. Ó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú kan báyìí, ó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí a dé, ó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Kérésì, ó tún wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì Kérésì. Nígbà tí mo dì mọ́ ọn, òórùn kan ta sí mi nímú, bí ìtọ̀ bí ìtọ̀, mo ní bóyá torí omi tí ò sí ni. Kò bá wa lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní orúnkún ń dun òun. Gbogbo èèyàn ní "àgbà ti ń dé". Èmi náà sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn, "àgbà ti ń dé", nǹkan tó ti bò mọ́lẹ̀ nílẹ̀ yìí kì í ṣe kékeré.

Màmá kan wà lójúlé kejì tó ń ta ògì. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ìyá Tóbi, ẹ máa yọjú sí Tíṣà o. Ẹ máa yọjú sí wọn dáadáa." Mo ní ẹ ṣeun mà, mo fún un ní ẹgbẹ̀rún méjì náírà, mo rò pé owó ló ń fọgbọ́n tọrọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi níbí yìí. Kò sí bí ìyá yẹn ṣe fẹ́ la ẹnu ẹ̀ sọ fún mi pé bàbá rẹ ń rùn, bàbá rẹ kì í wẹ̀. Àwọn èèyàn wa kì í sọ irú ẹ̀ lójú ọmọ. "Ẹ máa yọjú" tó sọ lẹ́ẹ̀mejì yẹn, igbe ló ń ké.

August 2023, ìsìnkú kan gbé mi lọ sí Ilé-Olújì, mo wá ní kí n ya Àkúrẹ́ láìsọ fún Bàbá. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ò tì. Mi ò ní ròyìn gbogbo ohun tí mo rí torí bàbá mi náà ṣì ni, àmọ́ màá sọ díẹ̀ kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ máa wò. Ìwé ìròyìn àti ike omi òfìfo kún kọ́rídọ̀ dé orúnkún, ọ̀nà tóóró ló ṣẹ́kù láti yàrá ẹ̀ dé pálọ̀. Wọ́n ti já iná ilé látìgbà pípẹ́ torí gbèsè, bẹ́ẹ̀ pẹ́ńṣọ̀n ń wọ báńkì, kò fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gúsí tí àbúrò mi sè nígbà Easter ṣì wà nínú fíríìjì, ó ti hu irun. Garawa ìtọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Oògùn tí mò ń rà ránṣẹ́ láti Èkó wà lórí tábìlì, páálí lórí páálí, ọ̀pọ̀ ni kò tíì ṣí rárá. Bàbá wá jókòó láàárín gbogbo ẹ̀ nínú kóòtù eérú yẹn, rédíò wà létí ẹ̀, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, káàbọ̀. O ò sọ pé ò ń bọ̀." Ohùn tí mò ń gbọ́ lórí fóònù náà gan-an ni. Ìgbà tó na ọwọ́ sí mi ni mo rí èékánná ẹ̀. Ó ti gùn, ó dúdú lábẹ́, ti àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ti ká wọnú ẹran. Ilẹ̀ ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí mò ń sunkún.

Àṣìṣe tí mo wá ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló burú jù. Mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ dójú tì wá ni?" Èmi, sí bàbá mi. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo lọ gba ọmọkùnrin mẹ́rin ní Ìsinkàn, wọ́n kó gbogbo ilé yẹn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ìwé, ike, aṣọ, a sun díẹ̀ lẹ́yìnkùlé, a kó ìyókù dà sí ààtàn. Inú mi ń dùn, mo tiẹ̀ ya fọ́tò ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò mi, bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ àti bó ṣe rí báyìí. Bàbá jókòó sábẹ́ máńgòrò, kò dá sí wa. Alẹ́ ló tó bi mí pé, "Sílípáàsì ìyá rẹ dà?" Sílípáàsì Mọ́mì tó ti wà lẹ́nu bálùwẹ̀ láti 2019, mo ti kó o mọ́ ìdọ̀tí. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì fóònù lọ sí ààtàn lóru yẹn. Mi ò rí i. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Bàbá ò fi bá mi jẹun.

Mi ò tíì gbọ́n o. Mo tún gbé e lọ sí Ìkòròdú, mo ní ojú mi á tó o níbẹ̀. Lóru, kò mọ ibi tí ilé ìtọ̀ wà, á dìde, á máa fi orúkọ Mọ́mì pè mí, á máa bi wá pé ìgbà wo la máa lọ sílé. Lọ́jọ́ kẹsàn-án ó ṣubú ní kọ́rídọ̀. Egungun ò ṣẹ́, a dúpẹ́. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni dókítà tó ṣàlàyé fún mi pé àgbàlagbà tí ọpọlọ ẹ̀ ti ń rẹ̀, ilé tó mọ̀ máa ń bá a rántí nǹkan, ọwọ́ ẹ̀ mọ ibi tí súwíìṣì wà láìjẹ́ pé ó ronú, tí o bá yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ lójijì, ńṣe ni wàá rò pé àìsàn ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ sì mọ ẹnu ayé. Àbúrò bàbá mi obìnrin ní ìyàwó ẹ̀ tó kú ló ń pè é. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní wọ́n fi ń ṣe é ni, ó fún wa ní àwẹ̀ ọjọ́ méje. Mo gba àwẹ̀ náà, mi ò ní purọ́ fún yín.

Àbíkẹ́yìn wa ló la ojú wa. Iṣẹ́ kéà ló ń ṣe lọ́hùn-ún, ilé àwọn arúgbó ló ń lọ láàárọ̀ àti lálẹ́, á wẹ̀ wọ́n, á fún wọn lóúnjẹ. Nígbà tí mo fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́, ó rí i, kò fèsì fún bíi wákàtí méjì. Ó wá pè, ó ń sunkún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n kọ́ wa ní nǹkan yìí. Wọ́n kọ́ wa kí wọ́n tó jẹ́ ká wọ ilé ẹnikẹ́ni." Self-neglect ni wọ́n ń pè é, kí èèyàn pa ara ẹ̀ tì, ìlànà tó bá òfin wọn rìn, Care Act ti 2014, kà á mọ́ oríṣi ìyà àti ìpatì tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa ṣọ́. Ó ní tó bá jẹ́ bàbá òyìnbó kan ló wọ kóòtù kan fún ọjọ́ mẹ́ta, tí kò jẹ́ kí òun wọlé, òun á ti kọ ọ́ sínú ìwé lọ́jọ́ náà. Ti bàbá tiẹ̀, ó rí i lórí fídíò, ó ní, "Daddy, kóòtù yìí bá yín mu o."

Òun náà ló sọ fún mi pé ní 1975 àwọn dókítà kan ní England kọ̀wé nípa ọgbọ̀n arúgbó tí wọ́n bá nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti ṣe iṣẹ́ gidi láyé wọn, orí wọn pé, àwọn tó tó ìdajì ò sì ní àrùn ọpọlọ kankan tí dókítà lè tọ́ka sí. Mi ò mọ ìdí tí ìyẹn fi tù mí nínú, àmọ́ ó tù mí nínú. Ó jọ pé kì í ṣe ìwà bàbá mi ló bàjẹ́.

A gbé Bàbá padà sí Àkúrẹ́, a lọ sí hospital. Dókítà àkọ́kọ́ ò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó kọ oògùn, ó ní ọjọ́ orí ni. Nọ́ọ̀sì kan ló rọra sọ fún mi níta pé kí n padà wá ní Tọ́sìdeè, pé dókítà tó máa wà níjókòó lọ́jọ́ yẹn máa ń ní sùúrù fún àwọn arúgbó. Kí Ọlọ́run bá mi san oore fún nọ́ọ̀sì yẹn.

Dókítà kejì yìí ò béèrè pé Bàbá, ṣé ẹ ń wẹ̀. Ó jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Bàbá sì sọ̀rọ̀! Ó bẹ̀rẹ̀ láti 1955, ó ní February 3, 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ondo sílẹ̀, ó ní October 1, 1996 ni wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára wa, kò ṣi ẹyọ kan. Mo ń wo dókítà bíi pé ẹ ò rí nǹkan, kò sí ohun tó ṣe é. Dókítà wá gbé fúláàsìkì, ife, Milo, mílíìkì, ṣúgà àti ṣíbí síwájú ẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi po tíì." Bàbá mú ṣíbí. Ó bu ṣúgà. Ó dúró. Ó tún bu ṣúgà. Ó wo fúláàsìkì, ó wò mí, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, wá po ó, iṣẹ́ obìnrin ni." Ó fi ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ mo rí ojú ẹ̀. Kò mọ ohun tó kàn.

Dókítà ní ibẹ̀ ló ti ń tan àwọn ọmọ jẹ, ẹnu kì í tètè bàjẹ́. Iwájú ọpọlọ ló ń to iṣẹ́ tẹ̀ léra, òun ló ń sọ pé dìde, wá garawa, mú ọṣẹ, ìyẹn lè ti máa rẹ̀yìn kí ọ̀rọ̀ sísọ tó yingin. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí èèyàn ò lo oògùn ẹ̀ máa ń fa irú ẹ̀, á máa ba àwọn iṣan kéékèèké inú ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí n yé béèrè pé ṣé Bàbá lè ṣe nǹkan, kí n ní kó ṣe é kí n rí. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ìtọ̀, ṣúgà, tàìrọ́ìdì tó jẹ́ ẹṣẹ́ inú ọrùn, àti fítámì B12, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló lè da orí àgbàlagbà rú, wọ́n sì ṣeé tọ́jú. Ìyẹn ò sí lára ẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọ̀fọ̀ Mọ́mì ti di depression, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó di àìsàn, lẹ́ǹsì inú ẹyinjú ẹ̀ méjèèjì ti ṣú bíi kùrukùru, èyí tí wọ́n ń pè ní kataráàtì, próstéètì ẹ̀, ìyẹn ẹṣẹ́ tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ọkùnrin ká, sì ti wú.

Próstéètì yẹn ló tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀ fún mi. Ìtọ̀ ń jò lára bàbá mi. Kó má bàa tọ̀ sára ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Kí ìtọ̀ má bàa pọ̀, kò mumi mọ́, àìmumi sì tún ń da orí ẹ̀ rú sí i. Kóòtù eérú yẹn gùn dé itan, òun ló fi ń bo ṣòkòtò tó tutù. Ó ti ṣubú ní bálùwẹ̀ nígbà kan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àtìgbà yẹn ló ti kọ ìwẹ̀ sílẹ̀. Kò rí ìdọ̀tí torí ojú, kò gbọ́ òórùn torí imú arúgbó kì í mú bíi ti tẹ́lẹ̀. Èmi wá dé, mo ní ṣé ó fẹ́ dójú tì wá ni, ẹni tó jẹ́ pé ìtìjú ló ti ń bá jà láti ọdún mélòó kan.

Bálùwẹ̀ la wá kọ́kọ́ tún ṣe. Wẹ́dà kan ní Arákàlẹ̀ bá wa jó irin mọ́ ògiri tó máa fi dìmú, a tẹ́ rọ́bà sílẹ̀, a gbé àga ike síbẹ̀, omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ìdajì garawa àti jọ́ọ̀gì kan. Mi ò sì sọ pé "ẹ lọ wẹ̀" mọ́. Màá ní, "Bàbá, ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì yín mà wà lọ́la, aṣọ wo ni ká lọ̀?" Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yan aṣọ, ìwẹ̀ ti dé nìyẹn. Próstéètì, oògùn ló ń lò sí i, àti pé ẹnì kan ń rán an létí kó lọ tọ̀ kó tó jáde.

Ọmọ ọ̀dọ̀, kò gbà rárá, ó ní òun ò tíì yarọ. Ọgbọ́n tó ṣiṣẹ́ nìyí. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan wọ FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́, kò rílé, a bẹ Bàbá pé kó jọ̀ọ́ gbà á sí yàrá ẹ̀yìn. Ó gbà, ó ní òun á máa mójú tó ìwà ẹ̀. Ọmọ yẹn kì í sanwó ilé, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń bá Bàbá jẹun àárọ̀, ó sì ń wo oògùn tí a ti tò sínú páálí alápò méje, tí ìròyìn aago méje bá ti bẹ̀rẹ̀, Bàbá á dá a sẹ́nu. Títí dòní, Bàbá gbà pé òun ló ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Màmá ológì ń gbé iyán tàbí púpùrù wá lọ́sàn-án, à ń sanwó ẹ̀, àmọ́ ohun tí mo bẹ̀ ẹ́ jù ni pé kó jókòó tì í. Bàbá kì í jẹun tó bá ku òun nìkan, ó máa ń gbé e sínú fíríìjì ni. Àwọn oúnjẹ tí a bá nínú fíríìjì yẹn, ẹnì kan ló ń retí.

"Ṣé ẹ ti jẹun" ti kúrò lẹ́nu mi. Màá ní ta ló sè é, ẹja ni àbí ẹran, ẹ jẹ́ kí n rí ìkòkò. Tí mo bá sì lọ kí àgbàlagbà kankan báyìí, ojú mi kì í gbélé, màá wo ihò ìgbànú, màá wo déètì ara oògùn, màá fọgbọ́n ní kí n gbé omi nínú fíríìjì. Tí wọ́n bá ní ká jókòó síta, màá ní mo fẹ́ tọ̀.

Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan ti gún régé o. Ìwé ìròyìn ti tún ń pọ̀, a ti ṣàdéhùn pé yàrá kan ṣoṣo ni, kò gbọ́dọ̀ dé kọ́rídọ̀, kò gbọ́dọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ sítóòfù. Ọjọ́ mìíràn wà tí kò ní wẹ̀, kò wẹ̀ náà nìyẹn. Dókítà ní tó bá ti mọ ohun tó ń kọ̀ àti ohun tó lè tẹ̀yìn ẹ̀ yọ, ká gbà fún un, ìgbà tí kò bá lóye ẹ̀ mọ́ ni ká wọlé. Ààlà yẹn le, mo máa ń ṣì í. A tún ń gbé e lọ sí UCH, ọsibítù ńlá tó wà ní Ìbàdàn, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní Chief Tony Anenih Geriatric Centre, ibi ìtọ́jú àwọn arúgbó tí wọ́n ṣí ní 2012, ìrìn náà ń rẹ̀ ẹ́, àmọ́ ó fẹ́ràn kó máa bá àwọn arúgbó ẹgbẹ́ ẹ̀ jiyàn níbi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà.

March 2024 ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún ẹ̀. Nígbà tí a dé ilé, ó ń wo ògiri, ó ń wo àwọn fọ́tò, ó wá rí kóòtù eérú yẹn lára ìkọ́. A ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, àbàwọ́n ò lọ. Ó gbé e lọ sójú fèrèsé, ó yí kọ́là ẹ̀ síta, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, báyìí ni mo ṣe ń jáde?" Mo ní Bàbá, ẹ kì í jáde púpọ̀ nígbà yẹn. Ó ní, "Ẹ̀ ń rí i. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi nínú yín."

Mi ò rí èsì fún un títí dòní.

Mo wà nílé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Láàárọ̀ Mọ́ńdè mo gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ sínú omi gbígbóná, kó rọ̀, kí n tó gé èékánná ẹ̀, torí gbígbẹ ló máa ń jẹ́ kó fọ́. Mo gé ti ẹsẹ̀ tán, mo gé ti ọwọ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò fúnra ẹ̀ nínú oòrùn, ó ní ó dáa. Ó wá ní kí n na ọwọ́ tèmi náà. Mo nà á. Ó wo èékánná tí mo kùn ní pupa, tí mo lẹ̀ mọ́ ọn ní Ìkòròdú fún ayẹyẹ, ó wò mí lójú, ó ní kí n lọ dúró síta.